Orín Àárọ̀ Dásọ́lá

Ní agboolé Àbọ̀dé ní Fìdítì, kò sẹ́ni tó ń fi fóònù jí. Ohùn Dásọ́lá tó wọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ rárá, kí àkùkọ tó rántí iṣẹ́ tí Ọlọ́run rán an, ohùn obìnrin náà á ti la ojúlé mẹ́rin kọjá. "Dára! Dára o! O ò tíì dìde? Mo ní kó o bọ́jú, ò ń wo omi! Ta ló ju okùn kànga sílẹ̀ báyìí?" Bó bá ti dé orí ọ̀rọ̀ okùn kànga, àwọn tíṣà tó ń lọ sí Ìlọrá á mọ̀ pé ìwẹ̀ ti yá. Bó bá dé orí bàtà Dára tí ẹsẹ̀ kan sọnù, àwọn tó ń lọ sí Ìbàdàn á ti máa de bẹ́líìtì. Àwọn Mùsùlùmí agboolé á ti kírun àsùbáà, wọ́n á sì ti padà sùn díẹ̀. Ohùn Dásọ́lá ni í jí wọn lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùkúrù, tó ń fi mọ́tò akérò gbé àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí Ọ̀yọ́, kì í fọn fèrè rárá. Ó ní òun ò lè fi bátìrì òun ṣòfò níbi tí Ìyá Dára bá wà.

Ẹ má tíì pè é ní aláriwo o. Bí ẹ bá pè é bẹ́ẹ̀, ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n. Ọmọ Awẹ́ ni, ilé tí ọmọ méje ti ń du abọ́ gààrí kan ni wọ́n ti tọ́ ọ. Níbẹ̀, ẹni tí kò bá pariwo, ebi ni yóò bá a sùn. Òwe tó gbé wá sílé ọkọ ni pé ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ohùn yẹn ló fi kàwé, òun ló fi rí iṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Ọ̀yọ́, òun ló sì fi ń ṣàkóso ilé, nítorí Ìbàdàn ni Solomon ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni í wálé. Dásọ́lá kò pẹ́ dé ibi iṣẹ́ rí láyé. Ó máa ń fi í yangàn, ó sì tó ohun tí èèyàn ń fi yangàn.

Ibi tí ohùn náà kò ti ṣiṣẹ́ ni ọ̀dọ̀ Dára. Ọmọbìnrin yìí, ọ̀kan ṣoṣo tí Ọlọ́run tíì fún wọn, tó ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́wàá, akólòlò ni. Orí rẹ̀ pé, ó mọ̀wé, ó mọ ìran gbogbo ewúrẹ́ agboolé, èyí tó bí èyí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá dé ẹnu rẹ̀, á há, bí ilẹ̀kùn pákó ṣe ń há lásìkò òjò. Gbogbo ayé ló mọ òwe tó ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Wọ́n pa á fún Dásọ́lá títí etí rẹ̀ fi kún. Àmọ́ nínú gbogbo àwọn tó ń pa òwe yìí, ta ló ń dúró kí akólòlò pe baba náà tán? Dásọ́lá gan-an ni kì í dúró jù. Bí Dára bá ní, "M… mo fẹ́ m…", ìyá á ti já a gbà lẹ́nu rẹ̀: "O fẹ́ mu omi! Omi wà nínú kúlà, lọ bù ú." Nígbà míì, kì í ṣe omi ni ọmọ fẹ́ mu. Á kàn lọ bù ú, á sì mu ún.

Báyìí ni wọ́n ń bá a yí títí di ọjọ́ àjọ̀dún àwọn ọmọdé ní ìjọ Onítẹ̀bọmi tí wọ́n ń lọ. Dára ti kọ́ àkọ́sórí rẹ̀, ó mọ̀ ọ́n bí orúkọ ara rẹ̀. Ó ti sọ ọ́ fún àwọn ewúrẹ́, ó ti sọ ọ́ fún Ìyá Àgbà, ìyẹn ìyá Solomon tí wọ́n jọ ń gbé, kò sì há níbì kankan. Ọjọ́ pé, ó wọ aṣọ funfun, ó bọ́ síwájú ìjọ, ó di máìkì mú, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sì há. Ọmọ ń gbìyànjú, ọrùn rẹ̀ ń nà. Àwọn tó jókòó níwájú sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé ó kù díẹ̀ kó jáde. Ni Dásọ́lá bá fò dìde lẹ́yìn, ó fi ohùn tó ń jí agboolé ka àkọ́sórí náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́ fún ìyá.

Dára sọ̀kalẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Kì í ṣe pé ó ń yájú o. Bí wọ́n bá rán an níṣẹ́, á lọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ kò ní mì. Ìyá Àgbà ló ń bá sọ̀rọ̀ nínú yàrá, ní ohùn kékeré. Bí Dásọ́lá bá sì ti wọlé, ọ̀rọ̀ á tán. Dásọ́lá kọ́kọ́ bínú. Ó pariwo, ó mú ẹgba jáde, ó gbé e padà, ó ra bisikíìtì. Pàbó ló já sí. Nígbà tó yá, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà á, ẹ̀rù tòótọ́, pé ọmọ kan ṣoṣo tí òun bí lè dàgbà, kó lọ sílé ọkọ, láìla ẹnu sí òun mọ́. Ẹ̀rù náà bá a dé ọ́fíìsì, ó bá a padà wálé.

Orí fífọ́ ló gbé e dé ọ̀dọ̀ Ràfíátù. Nọ́ọ̀sì ni Ràfíátù ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìlọrá, ojúlé rẹ̀ ló sì tẹ̀ lé ti Dásọ́lá. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń kírun tán tó ń padà sùn ni. Ó fi ẹ̀rọ wo bí ẹ̀jẹ̀ Dásọ́lá ṣe ń ru, ó fa ojú ro, ó tún un wò. Ó ní kó lọ rí dókítà. Dásọ́lá lọ, wọ́n fún un lóògùn. Àmọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n jọ ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé, Ràfíátù sọjú abẹ níkòó.

"Ìyá Dára, ẹ máa lo oògùn yín o. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ yín ń sáré, ẹsẹ̀ yín ń sáré, ẹnu yín náà ń sáré. Ọmọ yẹn ò lè bá yín sáré, ló ṣe jókòó tì."

Dásọ́lá ò dáhùn. Irú ìgbà bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀, Ràfíátù sì tètè lò ó. Ó ní kó máa jókòó jẹ́ẹ́ láràárọ̀, kí wàhálà ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kó tẹ́ ẹní, kó dijú, kó máa tẹ́tí sí èémí rẹ̀ bó ṣe ń wọlé tó ń jáde. Bí ọkàn bá sá lọ, kó rọra fà á padà, kó má bá a jà.

"Kí ni n ó wá máa sọ?" Dásọ́lá béèrè.

"Ẹ ò ní sọ nǹkan kan."

"Àdúrà ńkọ́?"

"Ẹ ti gbàdúrà tán kẹ́ ẹ tó jókòó."

"Ṣé kì í ṣe ẹ̀sìn àwọn kan lẹ fẹ́ fi ọgbọ́n kó mi sí báyìí?"

Ràfíátù rẹ́rìn-ín. "Èmi ń kírun, ẹ̀yin ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ni kì í mí nínú àwa méjèèjì?"

Ọjọ́ Jímọ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Ó jí, ó gbàdúrà rẹ̀ ní yàrá, ó tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó dijú. Kò tíì mí kanlẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ fi dé Ọ̀yọ́, sórí fáìlì tó gbàgbé sórí tábìlì àti ọ̀gá tuntun tí kì í yọ́nú sí ènìyàn. Ó fà á padà. Ọkàn tún sá lọ sídìí ẹ̀wà tó rẹ sómi. Ó fà á padà. Ó ti rí okùn kànga nílẹ̀ kó tó dijú, ó sì ń wù ú bí ẹ̀mí láti béèrè ta ló jù ú síbẹ̀. Ó fara dà á. Láàárín kan, ó wá gbọ́ èémí ara rẹ̀ ní tòótọ́, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ó yà á lẹ́nu pé nǹkan yìí ti ń lọ tó ń bọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, òun ò sì yà kí i rí.

Àsìkò yẹn gan-an ni Bàbá Àbọ̀dé ń kọjá. Àwọn ni àgbà agboolé, oko wọn lọ́nà Ìmíní ni wọ́n ń lọ, àdá wà lábẹ́ abíyá wọn. Wọ́n rí ìyàwó ilé nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó dijú. Wọn ò tilẹ̀ dúró de ìkúnlẹ̀. "Ìyá Dára, ṣé dáadáa lo jí?" Dásọ́lá gbọ́. Ṣùgbọ́n Ràfíátù ti ní kó má sọ nǹkan kan, Dásọ́lá kì í sì í ṣe iṣẹ́ lábọ̀. Ó pa ẹnu mọ́. Bàbá tún kí i. Wọ́n kí i lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní "Háà!", wọ́n ṣí fìlà, wọ́n sì yí padà sílé. Wọn ò lọ sóko mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Nílẹ̀ wa, a ní ìkíni fún ẹni tó ń jẹun, a ní fún ẹni tó ń dirun, a ní fún ẹni tó jókòó lásán. Ìyàwó ilé wo ni yóò jókòó sílẹ̀ ní kùtù hàì, tí àgbà yóò kí i títí tí kò ní jẹ́ wọn, bí kì í bá ṣe ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀? Èyí tó tún fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ ni pé gbogbo agboolé sùn gbàgbé. Àwọn tíṣà pẹ́. Àwọn ará Ìbàdàn wọ bàtà sódì. Ṣùkúrù jókòó sínú mọ́tò, ó ń retí ohùn tí kò dún, títí oòrùn fi yọ sí i lójú. Kí ló lè pa Ìyá Dára lẹ́nu mọ́? Ohun kan ṣoṣo ló wá sí wọn lọ́kàn: nǹkan ti ṣe Solomon ní Ìbàdàn, ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́ ọ, ó ń fi í pa mọ́. Ó tilẹ̀ tún múra lọ síbi iṣẹ́, wọ́n ní ìgboyà ló fi ń ṣe. Kò sẹ́ni tó láyà láti tẹ Solomon láago. Ṣùkúrù tó gbé Dásọ́lá kò béèrè nǹkan kan. Ó rọra ń wa mọ́tò lọ, kò tan rédíò.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí Dásọ́lá máa dé, ó bá àwọn obìnrin agboolé lójúde rẹ̀. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù," ni ọ̀kan wí, ló bá bú sẹ́kún. Ìyá Àgbà ti wà nílẹ̀, wọ́n káwọ́ lérí, nítorí ẹnì kan ti ní kí wọ́n mọ́kàn le. "Ta ló kú?" ni Dásọ́lá ń bi wọ́n. "Ẹ fara balẹ̀, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n," ni wọ́n ń fún un lésì. Ẹ̀rù ba òun náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún òkú tí kò mọ̀. Ibẹ̀ ni Solomon wọlé dé, pẹ̀lú àpò rẹ̀ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó méjì tó rà létí títì. Ó rí èrò, ó rí ìyá rẹ̀ nílẹ̀, ó ju ọ̀pẹ̀ òyìnbó nù, òun náà figbe ta: "Ẹ gbà mí o! Ta ló kú?"

Agboolé ṣì ń fi ọjọ́ náà rẹ́rìn-ín títí di òní. Kò pa Dásọ́lá lẹ́rìn-ín nígbà náà. Bàbá Àbọ̀dé ní bí kò bá ti sí ẹni tó kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó wá kù kí wọ́n sọ ìdí tí àwọn fi kí ìyàwó ilé lẹ́ẹ̀mẹta tí kò jẹ́ àwọn. Dásọ́lá kúnlẹ̀, Solomon dọ̀bálẹ̀, wọ́n bẹ̀bẹ̀ títí. Bàbá ní àwọn ti gbọ́, àmọ́ kí irú rẹ̀ má wáyé mọ́. Ilé tí wọn kì í ti í jẹ́ni nígbà téèyàn bá kí wọn, wọ́n ní igbó ni.

Bí Dásọ́lá ṣe ká ẹní nìyẹn, ó tì í sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ní ọjọ́ Ajé, ohùn rẹ̀ padà. Okùn kànga, bàtà ẹsẹ̀ kan, gbogbo rẹ̀ ló padà bọ̀ sípò, àwọn ará agboolé sì ń dúpẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò dúpẹ́. Dára gbé ìrọ̀rí rẹ̀, ó kó lọ sí yàrá Ìyá Àgbà pátápátá.

Ọ̀sán Sátidé kan, Dásọ́lá ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé. Ìyá Àgbà jókòó nítòsí, wọ́n ń la orín ata tí ọlọ́kadà kan bá wọn gbé wá láti Akínmọ́ọ̀rìn, wọ́n ń gé e sí ìwọ̀n ẹnu.

"Ìyàwó, o ti jáwọ́ nínú ìjókòó rẹ?"

"Màámi, ṣé ẹ ò rí ohun tó dá sílẹ̀ ni? Ó kù díẹ̀ kí n fi ìjókòó sọ ara mi di opó."

"Mo rí i. Mo tún rí nǹkan míì. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo jáde lọ tọ̀, mo rí Dára. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ọ́. Ó pẹ́ tó ti ń wò ọ́. Ó tilẹ̀ ti gbé ẹsẹ̀ kan síta, kí Bàbá tó bẹ̀rẹ̀ sí í kí ọ tó fi sá wọlé."

Ọwọ́ Dásọ́lá dúró nínú ọṣẹ. "Ẹ ò sọ fún mi."

"Ṣé o máa ń jẹ́ kéèyàn sọ̀rọ̀ ni?"

Ó dun Dásọ́lá wọra, nítorí òótọ́ ni. Ìyá Àgbà mú orín kan, wọ́n nà án sí i.

"Bó o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, tó ò tíì fọnu, ṣé o lè kí àgbà?"

"Rárá, Màámi."

"Bí àgbà bá bá ọ níbi tó o ti ń rún orín lọ́wọ́, ṣé wọ́n á ní o ò kí àwọn?"

"Wọn ò ní sọ bẹ́ẹ̀."

"Ó tán. Ki orín bọ ẹnu, kó o jókòó."

Ọgbọ́n ológbò ni ọgbọ́n yìí, kò pariwo, ó sì mú eku. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ gbogbo wa pé ẹnu tí a kò tíì fọ̀ kì í kí àgbà. Ẹni tí orín bá wà lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀ ti gbàwé àṣẹ ìdákẹ́, kò sì sẹ́ni tó lè bínú sí i. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Dásọ́lá tún tẹ́ ẹní, orín yọ lẹ́nu rẹ̀ bí ìkòkò tábà. Bàbá Àbọ̀dé ń bọ̀ pẹ̀lú àdá wọn. Wọ́n rí orín, wọ́n ní "Ó ń fọnu," wọ́n gba oko lọ. Ìgbà tí wọ́n padà dé ní ọ̀sán ni Dásọ́lá tẹ̀ wọ́n láago láti ọ́fíìsì, ó kí wọn kíkí tó kún, ó béèrè oko, ó béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. Bàbá sọ ọ́ kiri pé ìyàwó àwọn mọ èèyàn kí.

Ní ti jíjí agboolé, Ràfíátù ló lọ bá Ṣùkúrù pé kó máa fọn fèrè mọ́tò rẹ̀. Ṣùkúrù ráhùn bátìrì, ó ráhùn epo, ó sì fọn ọ́n. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, àwọn ewúrẹ́ já okùn. Lẹ́yìn náà, ó mọ́ wọn lára.

Ẹ má rò pé obìnrin náà di ẹni jẹ́jẹ́ lọ́jọ́ kan. Orín ata korò, ó sì ń ta ahọ́n. Gbogbo ìgbà tí ariwo bá gùn ún dé ọ̀fun, á bu orín jẹ, ata á ta á, omijé á lé sójú rẹ̀, ariwo á padà lọ. Ó máa ń sùn lórí ìjókòó nígbà míì, á di ìgbà tí orín bá bọ́ sí i láyà kó tó ta jí. Nígbà míì, inú ló ń bí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n ó ń jókòó. Orí tó ń fọ́ ọ rọlẹ̀. Ràfíátù tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò sọ pé ó ti dára, ó ní ó ń bọ̀ lọ́nà, kó má fi oògùn sílẹ̀.

Ohun tó le jù ni ẹsẹ̀ kékeré tó máa ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Á wá, á dúró. Dásọ́lá mọ̀ pé bí òun bá lajú, bí òun bá pe orúkọ, ẹsẹ̀ náà á sá. Ó ń wù ú láti fa ọmọ mọ́ra. Á mí sínú, á mí síta, á sì fi í sílẹ̀. Ọjọ́ kan, ó gbọ́ tí etí ẹní rọra dún, bí ìgbà téèyàn bá jókòó sí i. Ó yọ́ ojú kan là. Dára ni. Ó di ojú rẹ̀ méjèèjì pinpin, ó sì ki orín kan tó tóbi ju ẹnu rẹ̀ lọ bọnu. Inú Dásọ́lá dùn, ó dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún kó má bàa mira.

Láti ìgbà náà, àwọn méjèèjì ni wọ́n ń jókòó. Bí wọ́n bá tán, wọ́n á jọ tutọ́ sẹ́bàá kànga, wọ́n á jọ yọ ẹnu, oníkálùkù á sì gba ọ̀nà tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò tíì sí. Ìgbà kan tí Dásọ́lá dán an wò, tó rọra ní, "Dára, ṣé o sùn dáadáa?", ọmọ mi orí. Dásọ́lá náà mi orí. Tẹ́lẹ̀, ì bá ti pariwo pé ṣé orí ni wọ́n fi ń dáhùn.

Àárọ̀ kan wá dé tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, tí gbogbo agboolé tutù. Àwọn méjèèjì wà lórí ẹní. Dásọ́lá ti wẹ̀, ó ti múra, báàgì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kù kó yọ ẹnu, kó lọ. Ṣùkúrù fọn fèrè. Dásọ́lá fọwọ́ tilẹ̀ láti dìde. Ni Dára bá yọ orín lẹ́nu, ó kọjú sí i.

"M…"

Dásọ́lá jókòó padà.

"M… m… m…"

Ọrùn ọmọ ń nà, bó ṣe nà níwájú ìjọ lọ́jọ́ náà. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó lè wá lẹ́yìn rẹ̀ ti tò sẹ́nu Dásọ́lá, wọ́n ń ti ara wọn: Mọ́mì, mo fẹ́, mo sùn, mo ń bẹ̀rù. Ó ṣe tán láti mú ọ̀kan fún un, kó yá, kí wọ́n lè lọ. Orín ló wà lọ́nà. Ó deyín mọ́ ọn títí ó fi là sí méjì, tí ata fi kún ẹnu rẹ̀. Fèrè tún dún. Ó dún lẹ́ẹ̀kan sí i, ó gùn. Ẹnì kan kọjá lójúde, ó ń sáré, ó ń kígbe pé, "Ìyá Dára, mọ́tò ń lọ o!" Dásọ́lá, tí kò pẹ́ rí láyé rẹ̀, kò yíjú. Kò mi orí láti ran ọmọ lọ́wọ́, kò mi ẹsẹ̀. Ó mí sínú, ó mí síta. Dára ń wo ojú ìyá rẹ̀, ó ń wá ìkánjú níbẹ̀, kò rí i.

"Mọ́mì," ó ní. "Ewúrẹ́ B… B… Bàbá Àbọ̀dé ti b… bí. M… méjì. Ọ̀… ọ̀kan f… funfun."

Ìró mọ́tò Ṣùkúrù ti sọ̀kalẹ̀ sí títì, ó ti dorí kọ ọ̀nà Ọ̀yọ́. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ títí kò fi dún mọ́. Ìbẹ̀rù tún yọ lójú Dára.

"M… mọ́tò yín ti lọ."

Dásọ́lá yọ orín lẹ́nu, ẹnu tí kò tíì fọ̀ tán.

"Jẹ́ kó máa lọ," ó ní, ohùn rẹ̀ kéré, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ọ nínú agboolé àfi Dára. "Ọ̀kan funfun. Èkejì ńkọ́?"

Ọmọ la ẹnu, ọ̀rọ̀ sì tún há. Dásọ́lá na ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ẹní, ó dúró dè é.